Ìgò Tí A Kò Dárúkọ ní Òkèrèwè

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe. Mo ti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ iṣẹ́ àánú, iṣẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ rọ̀. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn nọ́ọ̀sì tí inú wọn rọ̀ bí ògì, tí aláìsàn sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nítorí pé wọn kò lè sọ fún ọ̀gá wọn pé ohun tó ń ṣe kò dára. Iṣẹ́ yìí yóò mú yín dé ibi tí ẹ ó ti sọ pé "rárá" fún ẹni tó jù yín lọ. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, kí ó tètè wá iṣẹ́ mìíràn kọ́.

Mo ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀yìn dídùn ló mú mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àkókò tó pé; ẹni tó bá gbé aláìsàn fún ọdún tó pọ̀ tó tèmi, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ti kú. Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé wọn. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀, ó sì tún ti dín kù. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, kò sí agbára àti tẹ̀síwájú, mo sì lọ ń ti gẹdú ní sọ́mìlì kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ayùn gé ọ̀gá mi lọ́wọ́. Èmi ni mo gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bo ẹ̀wù mi. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ mi. Kò pariwo, kò sáré. Ó kàn tẹ ibi kan ní apá ọ̀gá mi, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Mo wo ìka rẹ̀ títí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo padà sí ilé-ìwé girama, tí mo jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké tó ń pè mí ní "Dádì".

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ilé-Ifẹ̀ gbà mí. Mo lọ sọ fún bàbá mi.

"Nọ́ọ̀sì?" ni ó wí. "Ìwọ ọkùnrin lo fẹ́ lọ máa da ìgbẹ́ aláìsàn?"

"Ẹnìkan ní láti dà á, Bàámi."

"Kí ó jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn náà ní bàbá."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ. Mo lọ.

Ọkùnrin mẹ́ta péré ni wá nínú sẹ́ẹ̀tì wa. Ọ̀gá àgbà àwọn olùkọ́ wa ni Màdáámù Olúwọlé. Obìnrin tín-ínrín ni, bàtà rẹ̀ a sì máa dún kó-kó-kó ní ojú ọ̀nà wọ́ọ̀dù, débi pé àwọn aláìsàn pàápàá máa ń tún ara wọn ṣe lórí ibùsùn bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń bọ́ aláìsàn, ó ní kí a pín ara wa sí méjì-méjì, kí ẹnìkan fi aṣọ di ojú, kí èkejì máa fún un ní ògì. Ọmọbìnrin tó bọ́ mi ń kánjú. Kí n tó gbé èyí tó wà lẹ́nu mì, ó ti ki ṣíbí mìíràn bọ̀ mí lẹ́nu. Ó pá mi lórí, mo wúkọ́, ògì tú sí mi láyà.

"Kúnlé, ṣé o ti mọ bí ó ti ń rí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Màdáámù."

"O kò tíì mọ̀ ọ́n. Tún un fún un."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tú ibùsùn tí mo tẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bàbá arúgbó tó ni ibùsùn náà jókòó sórí àga, ó ń wò wá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Ibùsùn náà ti dáa."

Màdáámù dá a lóhùn pé, "Bàbá, bí aṣọ yìí bá ká jọ lábẹ́ yín, tí egbò yọ sí yín lẹ́yìn, ṣé òun lẹ máa bẹ̀ ni àbí èmi?" Mo tún un tẹ́ ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo wá fẹ́ràn rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí aláìsàn tó ní egbò ẹ̀yìn ní wọ́ọ̀dù tí mo bá ń ṣe olórí rẹ̀. Gbèsè tí mo jẹ Màdáámù Olúwọlé nìyẹn, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀.

Àṣà kan wà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ tuntun ni yóò máa fọ yunifọ́ọ̀mù àwọn tó ṣáájú wọn. Wọn yóò pọn omi fún wọn, wọn yóò sì kúnlẹ̀ bí wọ́n bá pẹ́. Èmi náà fọ aṣọ àwọn ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́fà jù lọ. Bí ọmọ tuntun bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlùkìkì ọkàn, ojú ni yóò fi jí i kọ́, nítorí kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọ. Nígbà tí mo wọ ọdún kẹta, wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n yàn mí nítorí pé mo dàgbà, àti nítorí pé mi ò kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kò lè da nǹkan rú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo gorí oyè ni mo fi òpin sí aṣọ fífọ̀. Mo fi akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kọ̀ọ̀kan so mọ́ ọmọ tuntun kan: ẹ̀gbọ́n yóò mú àbúrò wọ wọ́ọ̀dù, yóò jẹ́ kí ó di ọwọ́ aláìsàn mú, yóò sì dáhùn fún un bí ó bá ṣìṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi bú mi. Ọ̀kan ní, "Dádì, ìwọ ti fọ tìrẹ tán, o wá fẹ́ kí àwa fọ tiwa fúnra wa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màdáámù ránṣẹ́ pè mí. "Ta ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́?"

"Wọ́n ti ń kọ́ ara wọn tẹ́lẹ̀, Màdáámù. Aṣọ fífọ̀ ni wọ́n ń kọ́."

"Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, ìwọ ni mo mọ̀."

"Mo gbà, mà."

Ohun tí mi ò rí nígbà náà ni èyí: mo gba aṣọ ìfọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, mi ò gba ìbẹ̀rù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ṣì jẹ́ òfin. Àbúrò kò gbọdọ̀ bi ẹ̀gbọ́n pé kí nìdí. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Èmi náà ń gbádùn rẹ̀.

Àbúrò tèmi ni Fúnmi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ẹni ọdún méjìdínlógún, tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju tèmi lọ. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a kọ́kọ́ tọrọ gáfárà ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ sí àwọn agboolé ní Òkèrèwè, àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán wa. Mo ti rí i ní wọ́ọ̀dù ọmọdé pé, ní ìgbà òjò, ìgbẹ́ gbuuru ló ń gbé àwọn ọmọ wá, àti pé òǹgbẹ ló ń pa wọ́n, kì í ṣe ìgbẹ́ náà gan-an. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá wọn lè pò nílé ni ìbá gbà wọ́n. Nítorí náà a ń wọn àwọn ọmọ, a ń bo kànga, a sì ń kọ́ àwọn ìyá ní omi yẹn. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nígbà náà rọrùn: omi tí a sè tó sì ti tutù, tó kún ìgò bíà kan, tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan tí kò ga, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́wàá tí kò ga. Ẹ fi ojú sí ìgò náà. Bí omi bá kéré, iyọ̀ yóò pọ̀ jù fún un, omi ìyè yóò sì di májèlé fún ọmọ ọwọ́.

Agboolé tí wọ́n ti gbà wá jù ni ti Alhaja, obìnrin àgbà kan tó ń ta epo pupa lọ́jà. Òun ló máa ń pe àwọn ìyàwó ilé jọ fún wa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó fi ojú wọn mí láti òkè délẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ọkùnrin, o ti bímọ rí?"

"Rárá, mà."

"O ti fún ẹnikẹ́ni lọ́mú rí?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá, mà."

"Kò burú. Kọ́ wa. A máa yọ èyí tó bá yẹ kúrò nínú rẹ̀."

Ní Sátidé kan, èmi àti Fúnmi jọ ń gun òkè lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ní agboolé mìíràn, ààfáà kan ti lé ọ̀kan nínú wa jáde nítorí pé ó gbé ìgò bíà ka orí ẹní tí wọ́n fi ń kírun. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Mùsùlùmí ni gbogbo ilé Alhaja.

Mo ní, "Fúnmi, má mú ìgò bíà wọ ilé Alhaja o. Má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ má bínú. Kí ni kí n wá pè é?"

"Pè é ní ìgò."

Ó dúró lójú ọ̀nà. "Ìgò lásán? Kí n má sọ irú èyí tí—"

"Ṣé o fẹ́ máa bá mi jiyàn ni?"

"Rárá o, Bọ̀dá. Ẹ dákun."

Mo yà sí agboolé kejì láti lọ wọn àwọn ọmọ. Òun nìkan ló dá kọ́ wọn nílé Alhaja. Jọ́ọ̀gì tí a mú wá láti ilé-ìwé ló fi pò ó lójú wọn, ó sì pò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí jọ́ọ̀gì wa nílé wọn. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún wọn ni ọ̀rọ̀ ẹnu, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rán an: ìgò kan, iyọ̀ ṣíbí kan, ṣúgà ṣíbí mẹ́wàá. Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó gbìyànjú láti fi tọmọ jẹ́ ẹ lójú ọ̀nà. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé nígbà tí Alhaja wọlé pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé rẹ̀, Ìyá Ràfíù. Ràfíù wà lápá ìyá rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ó ti ń yàgbẹ́ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń ké, ó sì ń na ọwọ́ sí ohunkóhun tó bá ní omi nínú. Kí a tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, gìrì mú un.

Bí dókítà ti ń tọ́jú rẹ̀, mo fa ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. "Kí lẹ fún un mu?"

"Omi tí ẹ kọ́ wa ni. Bí òǹgbẹ ṣe ń gbẹ ẹ́ sí i ni mo ń fún un sí i."

Ó yọ èyí tó kù jáde nínú àpò rẹ̀. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni. Ọ̀kan ṣoṣo. Mo tọ́ omi náà wò, iyọ̀ rẹ̀ gé mi lẹ́nu.

"Ìgò kan, àbí?" ni ó wí. "Ìgò kan lọmọ yín sọ. Àbí mo ṣì í ni?"

Mo ní, "Ẹ kò ṣì í, mà."

Mo lọ sọ fún dókítà ohun tí ọmọ náà mu àti bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé ìyẹn ló ń sọ irú omi tí wọn yóò fà sí i lára àti bí yóò ṣe rọra máa wọlé tó. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣọ́ ọ. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n máa ṣọ́ ọ lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹrin, ó mu ọmú ìyá rẹ̀, ó sì tọ̀ sí mi lára. Mi ò tíì rí ìtọ̀ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ti gbọ́. Màdáámù Olúwọlé pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ ìbáwí tó jókòó.

"Jókòó."

"N ó dúró, mà."

"Ta ló kọ́ wọn nílé yẹn?"

"Fúnmi ló sọ ọ́ jáde. Èmi ni mo fi í sí i lẹ́nu."

"Mi ò ní kí o pa òwe fún mi." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Ìdánwò àṣekágbá yín ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. O ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ yẹn kò tíì gba fìlà nọ́ọ̀sì, a ṣì ń dán an wò. Bí ó bá lọ sílé lónìí, yóò lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, kò sóhun tó ṣe é. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, Kúnlé."

"Èmi ni ìka náà."

"Mo ń gbìyànjú láti yọ ọ́ nínú ewu!"

"Mo mọ̀, Màdáámù. Mi ò gbà."

Ó ti ìwé kan síwájú mi. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan kọ́ àwọn ará agboolé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìfọwọ́sí mi nìkan ló kù. Mo yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èmi ni mo ní kí ó má dárúkọ irú ìgò náà. Ó bi mí léèrè. Mo pa á lẹ́nu mọ́. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá lọ, èmi ni." Mo fọwọ́ sí ìyẹn.

Ó kà á. Ó tún un kà. "Orí kunkun ni ìwọ ní."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo bá Fúnmi lórí àtẹ̀gùn ilé ibùgbé àwọn obìnrin. Ó ti di àpótí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n lọ. Bàámi á kàn nà mí ni, yóò sì tán. Ẹ̀yin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

"Tú àpótí rẹ."

"Ẹ gbọ́, Bọ̀dá—"

"Mo ní kí o tú u." Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi, ohùn kan náà tí mo fi pa á lẹ́nu mọ́ lójú ọ̀nà Òkèrèwè. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ohun tí o fẹ́ bi mí lọ́jọ́ náà, o jàre. Láti òní lọ, bí mo bá sọ ohun tí kò yé ọ, bi mí títí yóò fi sú mi."

Ìgbìmọ̀ dájọ́. Fúnmi yóò dúró. Èmi yóò lọ sílé fún oṣù mẹ́fà, mi ò sì ní bá sẹ́ẹ̀tì mi ṣe ìdánwò. Ètò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti parí. Òkèrèwè ti parí. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́ lórúkọ ilé-ẹ̀kọ́.

Mo padà sí sọ́mìlì. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo wẹ̀, mo sì lọ sí Òkèrèwè lórúkọ ara mi.

Alhaja wà lẹ́nu ọ̀nà. "O tún wá?"

"Mo tún wá, mà."

"Wọ́n ní wọ́n lé ọ."

"Wọ́n lé mi."

"Kí lo wá ń wá níbí?"

"Ohun tí mo bàjẹ́ ni mo wá tún ṣe."

Ó pe àwọn obìnrin. Ìyá Ràfíù jáde, ó gbé ọmọ pọ̀n, kò wojú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mi ò fi ẹyọ kan pamọ́: pé ìgò bíà ni ìgò tó yẹ, pé mo ní kí Fúnmi má dárúkọ bíà nílé Mùsùlùmí, pé ìdí nìyẹn tí ọmọ fi fẹ́ kú.

Alhaja la ẹnu sílẹ̀. "Bíà? Nítorí bíà lo ṣe fẹ́ pa ọmọ wa? Kí ni mo fi ń wọn epo lọ́jà? Ìgò bíà! Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ ni mo ti ń fọ ìgò bíà. Ta ló sọ fún ọ pé ìgò ń pa ènìyàn lọ́tí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò bèèrè! O bá wa rò ó, o bá wa dáhùn, o sì dá ẹjọ́ náà nínú orí ara rẹ. Ọ̀mọ̀wé!"

Ó rán ọmọ kan wọ inú ilé. Ọmọ náà gbé ìgò kan tó mọ́ jáde. Mo pò ó lójú wọn. Nígbà tí mo na ife sí Ìyá Ràfíù, ó ti ọwọ́ mi padà.

"Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ mu ún."

Mo mu ún tán. Ó ní kí n bu òmíràn. Mo mu ìyẹn náà. Ìgbà yẹn ló tó gba ife, tó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Èyí dà bí omijé."

"Kò gbọdọ̀ níyọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà."

Ó fún Ràfíù díẹ̀. Kò dárí jì mí lẹ́nu, mi ò sì tọrọ ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé oṣù mẹ́fà náà, mo lọ, ó sì máa ń wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ ìwé ìdánwò wọn tó kẹ́yìn, mo wà ní ilé Alhaja, mo ń se omi.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù ayé iṣẹ́ mi, kí n tó sọ bí mo ṣe padà. Mo ṣe ìdánwò nígbẹ̀yìn, mo yege. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìlú ńlá àti ti abúlé. Owó oṣù máa ń dé, ó máa ń pẹ́; kò sóhun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Mo fẹ́ obìnrin aránṣọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bíi tèmi. Ilé wa dákẹ́, ó sì dùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, a ṣì ń se abẹ́rẹ́ onígíláàsì lórí sítóòfù, a ń pọ́n ẹnu rẹ̀ bí ó bá kú. Lẹ́yìn náà ni èyí tí a ń lò sọnù gbòde. Ìwọ̀n ìgbóná ara tó ní mákúrì nínú lọ, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn dé. Iyọ̀ àti ṣúgà omi náà, wọ́n ti ń dì wọ́n pọ̀ sínú ọ̀rá báyìí, wọ́n sì kọ bí omi rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó sí i lára. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n mo ti rí nọ́ọ̀sì tó fi ọ̀rá náà lé ìyá lọ́wọ́ láìbi í léèrè bóyá ó mọ̀wé kà. Irinṣẹ́ ń yí padà. Ìgbéraga ẹni tó mọ̀wé kò yí padà.

Bí mo ṣe padà nìyí. Oṣù mẹ́fà pé. Nígbà tí mo wọ ọgbà, mo gbọ́ pé Alhaja ti kó obìnrin mọ́kànlá wá sí ọ́fíìsì Màdáámù, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì wọn padà sí Òkèrèwè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Màdáámù kó gbogbo wa jọ lábẹ́ igi furúùtù.

"A ó tún bẹ̀rẹ̀ Òkèrèwè," ni ó wí. "A ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ṣùgbọ́n Kúnlé kò gbọdọ̀ ṣe olórí ohunkóhun nínú rẹ̀ títí tí yóò fi jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Mo ti yan olórí. Fúnmi, dìde."

Fúnmi dìde. Ó ti gba fìlà. Mo rò pé yóò tọrọ gáfárà.

"Mo gbà, Màdáámù. Mo sì fẹ́ mú ẹni tí yóò máa bá mi lọ."

"Mú ẹni tí ó bá wù ọ́."

"Bọ̀dá Kúnlé ni."

Màdáámù ní, "Ṣé o kò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ní kò gbọdọ̀ ṣe olórí. Kò ní ṣe olórí. Èmi ni olórí. Òun ni yóò máa ru omi."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì gba gbogbo abẹ́ igi. Màdáámù Olúwọlé wo Fúnmi, ó wò mí, ó sì wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yípadà, bàtà rẹ̀ dún kó-kó-kó lọ. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ pé rárá.

Ní Sátidé náà, mo gbé garawa omi sísè tó ti tutù lérí, èmi tí mo jù ú lọ ní ọdún mẹ́wàá, mo sì tẹ̀lé e gun òkè. Níwájú mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lójú ọ̀nà, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti máa ń jókòó, ó dúró, ó sì kọjú sí mi.

"Bọ̀dá, ìgò wo la máa lò?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Mo ní kí ẹ sọ ọ́."

"Ìgò bíà kan, tàbí ẹlẹ́rìndòdò méjì."

"Mi ò gbọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè."

Àwọn àgbà ọkùnrin náà ti ń wò wá. Omi ń kán sí mi lójú láti inú garawa. Èmi tí mi ò kì í sọ̀rọ̀, mo la ẹnu mi, mo sì ké e jáde ní àárín títì Òkèrèwè tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́: "Ìgò bíà!"